Èsì Ìdánwò Àwọn Ọmọ Wa Kàn Wá o
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù)

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ gbígbá. Èsì ìdánwò tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí púpọ̀ nínú ọmọ wa ń lọ ni. Àwọn ọmọ tó ṣe ìdánwò àṣewọlé sí girama, máàkì wọn kò dára. Láti ìgbà náà ni ariwo ti gba ọjà. Àwọn kan ní tíṣà ló burú. Àwọn kan ní orí ọmọ ni kò pé. Àwọn kan sì ti ń tu owó jọ kí wọ́n lè kó ọmọ lọ sí ibi tí wọ́n ti máa ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí gan-an ló jẹ́ ká dìde sọ̀rọ̀.

Kí ni ìdánwò yẹn? Ìbéèrè kan náà ni, àkókò kan náà, ìbáà ṣe ọmọ olówó tàbí ọmọ aláta. Òṣùwọ̀n ni. Àwa tí à ń fi kóńgò wọn gàrí mọ̀ pé kóńgò kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí gàrí kò bá kún un, kóńgò kọ́ la ó bá jà. A ó bi ara wa pé níbo ni gàrí ti dànù?

Àwa mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ lọ rí hẹdimásítà. Ó kó ìwé ìdánwò tí wọ́n ṣe ní kíláàsì fún wa wò. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń ta ata nínú ọjà yìí. Bí o bá ra ata N650, tí o fún un ní N1,000, kí o tó mí, ó ti fún ọ ní ṣéńjì N350. Ṣùgbọ́n irú ìṣirò yẹn kan náà nínú ìwé, òfo ló gbà. Nígbà tí ọmọ náà wá sí ìsọ̀, a ka ìbéèrè ọ̀hún fún un ní Yorùbá. Ojú ẹsẹ̀ ló dáhùn! Kì í ṣe ìṣirò ni kò mọ̀ o. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi bi í ni kò yé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ló ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn kí wọ́n tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi ìdánwò wé wọn, àwọn tó fi Yorùbá dé ìwé mẹ́fà ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní pírámárì. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò. Àwa ò lágbára láti bá ìjọba fà á. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní ká má fi Yorùbá làdí ìwé fún ọmọ wa lábẹ́ òrùlé tiwa?

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o, ẹ̀bi tiwa ń bọ̀. Hẹdimásítà ṣí ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ, ojú sì tì wá. Ọjọ́ ọjà, ọmọ ò wá. Ọjọ́ ọjà míì, ọmọ ò wá. Ọjà ọrọọrún ni tiwa, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í kan ọjọ́ súkúlù. Ẹ bá wa ṣírò ó: ọmọ tó bá pa ọjọ́ kan jẹ nínú ọjọ́ márùn-ún, nínú ọdún márùn-ún, odidi ọdún kan ti lọ. Tíṣà kọ́ ló jí ọdún yẹn. Àwa la gbé igbá lé ọmọ lórí.

Ní ti máàkì tí a fẹ́ fowó rà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dẹwọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni àwa kà, òótọ́ la fi gbà á, òun náà la sì fi ń kọ ìwé ẹgbẹ́ yìí títí dòní. Ṣebí a máa ń bá alágbàtà tó tẹ ìdí kóńgò wọnú jà? Ẹ má tẹ ìdí kóńgò ọmọ yín. Bó bá dé girama, tí wọ́n ní kó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ni yóò dà síta?

Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí nìyí:

1. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jókòó ti ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ súkúlù, ọjọ́ ọjà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá lẹ́nìkan, kí aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ bá a wo ọjà.

2. Láti aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, abẹ́ òrùlé ìpàdé yìí di ti àwọn ọmọ ìwé kẹrin sí ìkẹfà. Ọ̀kan nínú wa tó ti ṣe tíṣà rí yóò ka ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò tú u sí Yorùbá, ọmọ yóò sì dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì.

3. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ ní ìparí táàmù. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó gbé e tọ akọ̀wé wá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tó gba òfo kì í ṣe òfo. Ọmọ aláta yẹn, ẹ má bú u mọ́. Yóò tún ìdánwò náà ṣe, àwa náà yóò sì jókòó tì í.

Ọmọ wa ò ní í rẹ̀yìn o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́