Ibà Tí Ó Dé Ọpọlọ

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ó yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní àdúgbò Bajulaiye, láàárín Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ bá gbóná lóru yóò kọ́kọ́ sọ pé ibà ni. Ìyá náà kò jẹ̀bi, nítorí pé ibà ẹ̀fọn wọ́pọ̀ ní Èkó. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àrùn mìíràn ń bẹ tí wọ́n ń fi aṣọ ibà bora, tí ó sì jẹ́ pé ọpọlọ ni wọ́n ń bá jà.

Awọ mẹ́ta ni ó bo ọpọlọ àti mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, omi tí ó mọ́ gaara sì ń ṣàn láàárín wọn. Bí kòkòrò àrùn bá wọ inú omi yìí, tí àwọn awọ náà sì wú, èyí ni àrùn yírùnyírùn. Bí ó bá jẹ́ ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó wú, fáírọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń fà á. Nígbà mìíràn, ọyún a máa gbá jọ sí ojú kan nínú ọpọlọ. Etí tí ń ṣọyún tí a kò tọ́jú lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibà ẹ̀fọn pàápàá lè dé ọpọlọ, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò ibà ti wọ̀ bá dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí ó wà níbẹ̀.

Àwọn àmì wọn fara jọra. Ara a máa gbóná, orí a máa fọ́ kíkankíkan, aláìsàn a máa bì, ìmọ́lẹ̀ a sì máa ni ojú rẹ̀ lára. Ọrùn a máa gan tó bẹ́ẹ̀ tí àgbọ̀n kò fi ní lè kan àyà. Lẹ́yìn èyí ni ó lè máa sọ ìsọkúsọ, tàbí kí ó máa sùn láìṣeé jí, tàbí kí gìrì mú un. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé orí ń fọ́ òun; tirẹ̀ ni pé kí ó kọ ọmú, kí igbe rẹ̀ yàtọ̀, kí àwùjẹ̀ rẹ̀ sì wú sókè. Ọrùn ọmọ ọwọ́ lè má gan rárá.

Níbi tí gìrì bá ti wọ ọ̀rọ̀, ìpayà a máa gba ọkàn ará ilé. Àwọn kan a máa ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Àwọn mìíràn a máa fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Iná a máa jó ọmọ láìwo àrùn, àgbo yìí sì lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì dí mímí lọ́wọ́. Ohun tí ó tọ́ ni kí a dá ọmọ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí a má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ní wéré. Láti Bajulaiye, Ilé-ìwòsàn Gbogbogbòò ti Gbàgádà kò jìnnà.

Bí aláìsàn bá dé ibẹ̀, dókítà yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò ibà àti fún ìwọ̀n ṣúgà. Ṣùgbọ́n rírí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ kò fi hàn pé yírùnyírùn kò sí, nítorí pé àrùn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà. Ìdí nìyí tí a fi ń fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí Heinrich Quincke, ará Jámánì, ti fi lélẹ̀ ní 1891. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í gbà, wọ́n ní ọmọ yóò kú tàbí kí ó rọ. Ìbẹ̀rù yìí ni ó ń pa ọmọ ju abẹ́rẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ibi tí mùdùnmúdùn parí sí ni abẹ́rẹ́ náà ń gbà wọlé, omi díẹ̀ ni a sì ń fà, ara yóò sì ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Bí àmì bá wà pé ọpọlọ ti wú jù, dókítà yóò dá a dúró, yóò sì kọ́kọ́ ya àwòrán orí. Omi tí ó dà bí omi ìrẹsì ń tọ́ka sí ọyún. Èyí tí ó mọ́ lè tọ́ka sí fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tí ó bá ti ra ẹ̀bù oògùn díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ oníkẹ́mísìtì lè ti pa ojú àrùn náà dé, kí àyẹ̀wò má sì rí kòkòrò mọ́.

Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ceftriaxone ni a sábà ń gún fún yírùnyírùn láìdúró de èsì àyẹ̀wò. Artesunate ni ti ibà tí ó dé ọpọlọ. Acyclovir sì wà fún ọ̀kan nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì náà. Yírùnyírùn tí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ bá fà ń fẹ́ oògùn fún oṣù púpọ̀. Ọyún inú ọpọlọ lè gba iṣẹ́ abẹ, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní UCH Ìbàdàn ní 1962.

Òkè Ọya ni yírùnyírùn ti ń jà bí iná ọyẹ́. Ní 1996, ó mú ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà, ó sì pa àwọn tí ó lé ní 11,000. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tí ń dènà irú kòkòrò rẹ̀ márùn-ún. Èkó kò sí nínú agbègbè àjàkálẹ̀ náà, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn tí ń fà á wà níbi gbogbo. Nítorí wọn ni àjẹsára ọmọdé tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe ṣe pàtàkì.

Iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú èyí. Yàrá tí ó kún fọ́fọ́ tí fèrèsé rẹ̀ sì wà ní pípadé ni ikọ́ àti sísín ti ń ràn. Ọmọ tí ó sì ti bọ́ nínú yírùnyírùn lè padà sí kíláàsì pẹ̀lú etí tí kò gbọ́ràn mọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fura, olódo ni a ó máa pè é, pàṣán ni a ó sì máa fi kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tí ó bá ní kí a yẹ etí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò ti parí iṣẹ́ tí dókítà bẹ̀rẹ̀.