Òkun tí ó wà Láàárín Wa

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Kristi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná, ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì àti níbi gbogbo tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé yín dé, a kí yín. 

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fi ojú kan òkun rí, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń bẹ lẹ́nu wa. Àwọn baba wa mọ òkun yàtọ̀ sí ọ̀sà. Omi iyọ̀ tí a kò rí òpin rẹ̀ ni òkun. Ọ̀sà ni omi tí ó tẹ́jú lẹ́bàá rẹ̀. Nígbà tí a bá sì wí pé ènìyàn lọ sí òkè òkun, kì í ṣe omi ni a ní lọ́kàn bí kò ṣe ilẹ̀ àjèjì, níbi tí ọwọ́ ará ilé kò ti lè tètè tó o.

Bíbélì náà lo ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tí ó yẹ kí a kíyè sí. Òkun Gálílì tí Mátíù ń wí kì í ṣe omi iyọ̀ rárá. Omi tí ó ṣeé mu ni, gígùn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 21 lọ. Adágún ni Lúùkù pè é. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ tí ìjì dé, lójú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí wọ́n wà nínú ọkọ̀, òkun gidi ni. Ohun tí ó bá wà láàárín ènìyàn àti èbúté rẹ̀, òkun rẹ̀ nìyẹn.

Bóyá ìdí nìyí tí Jòhánù, nígbà tí ó rí ọ̀run titun àti ayé titun, fi sọ fún wa pé kò sí òkun níbẹ̀ mọ́. Àwọn olùkọ́ni túmọ̀ rẹ̀ lónírúurú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé erékùṣù Pátímọ́sì ni ó wà nígbà náà, òkun sì wà láàárín òun àti àwọn ìjọ tí ó fẹ́ràn.

Ẹ tún rántí Àjàyí Crowther, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì wa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Ní 1822, wọ́n tì í sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí ó sì gbé e dé Sàró. Òkun kan náà ni ó gbà padà wá sí Àgbádárìgì ní 1845. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

Àwa ńkọ́? Odò Ọya ni a ń ré kọjá ní Jẹ́bà bí a bá ń lọ sílé, afárá sì wà lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ ìjọ kan wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti di ọdún kọkànlá tí kò ti dé ilé. Kì í ṣe pé kò rí owó ọkọ̀. A bi í pé, “Kí ni ó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín gan-an?” Ó dákẹ́ títí. Ó ní, “Fada, pùlọ́ọ̀tì kan ni.” Ìyá wọn sì ń darúgbó lọ láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin ará, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi òkun sí àárín Crowther àti ìyá rẹ̀. Èyí tí ó wà láàárín wa yìí, ọwọ́ ara wa ni a fi gbẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró de ayé titun kí ó tó gbẹ. Ta ni ẹ kò tíì bá sọ̀rọ̀ láti ọdún yìí wá? Ẹ pè é lónìí, kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ tún un pè lọ́la.

Kí Olúwa tí ó bá ìjì wí tí ó sì dákẹ́ wà pẹ̀lú yín. Àmín.