Ẹ̀dà Ìpamọ́ Tó Ń Ṣe Lónìí, Tó Ń Kọ̀ Lọ́la

Ọ̀rọ̀ tí alámòójútó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé gbogboogbò

  

Alága ní kí n wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé owó ẹgbẹ́. N kò ní fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, a ka orúkọ àwọn tó jẹ owó ìdàgbàsókè. Orúkọ bàbá wa kan wà níbẹ̀. Bàbá dìde, wọ́n ní àwọn ti san án. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mú rìsíìtì wá sí ọ́fíìsì, rìsíìtì tiwa gan-an, òǹtẹ̀ wa ló wà lórí rẹ̀. Bàbá kò jẹ gbèsè kankan. Àwa la jẹ wọ́n ní ẹ̀bẹ̀, ẹgbẹ́ sì ti lọ bẹ̀ wọ́n nílé.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Láptọ́ọ̀pù akọ̀wé owó ló kú. Ìyẹn kò burú, kọ̀ǹpútà máa ń kú. Ohun tó burú ni pé nígbà tí a lọ wo ẹ̀dà ìpamọ́, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní backup, ẹ̀dà ìwé owó tó pé kẹ́yìn ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Owó tí ẹ san láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò sí nínú rẹ̀. Inú gégé rìsíìtì àti ìwé báǹkì la ti ń ṣa á jọ, ibẹ̀ la sì ti fo orúkọ bàbá.

Ẹ ó ní, ṣebí alaalẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe ẹ̀dà fúnra rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà márùn-ún la ní, mẹ́ta jẹ́ ti orí tábìlì, méjì jẹ́ láptọ́ọ̀pù. Gbogbo wọn ló ń da ẹ̀dà sínú àpótí ìpamọ́ kan lórí netíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣe é lónìí, ló ń kọ̀ lọ́la. Ẹ̀bi tèmi rèé: bí mo bá dé láàárọ̀ tí mo rí i pé láptọ́ọ̀pù kọ̀, màá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tún un ṣe, á sì ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbà pé ó ti tán. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Nǹkan tó bàjẹ́ pátápátá kì í ṣòro wò. Èyí tó ń ṣe, tó tún ń kọ̀, òun ló ń tan ni jẹ. Ó kù díẹ̀ kí n ní kí ẹgbẹ́ ra àpótí ìpamọ́ tuntun, kí owó yín tún lọ síbẹ̀. Akọ̀wé wa ló ní, "Ẹ kọ́kọ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀ ná." Mo wá mú ìwé kékeré kan. Láràárọ̀ ni mò ń kọ nǹkan mẹ́rin síbẹ̀: kọ̀ǹpútà wo ló kọ̀, ọjọ́ wo, ṣé iná wà lálẹ́ yẹn, ta ló kúrò ní ọ́fíìsì kẹ́yìn. Kò pé oṣù kan tí ìwé yẹn fi tú àṣírí. Kì í ṣe àrùn kan, mẹ́ta ni.

Èkíní ni iná. Alẹ́ tí kò bá sí iná ni láptọ́ọ̀pù ń kọ̀. Nínú Windows, Task Scheduler ló ń jí iṣẹ́ dìde lásìkò. Bí a kò bá yí i padà, iṣẹ́ tí a bá gbé síbẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí láptọ́ọ̀pù bá ń lo bátìrì. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ tí iná wá lọ, á dá a dúró. Láàárọ̀ tí mo bá dé, iná ti dé, ìdí nìyẹn tó fi ń gbọ́ tèmi! Abẹ́ Conditions ni a ti yọ àmì yẹn kúrò. A sì lọ sí Settings, a fàmì sí i pé bí àsìkò bá ti kọjá lórí iṣẹ́ kan, kí ó ṣe é ní kété tó bá ti ráàyè.

Èkejì ni àdírẹ́sì. Láwọn àárọ̀ kan, gbogbo kọ̀ǹpútà márààrún ló ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ọ̀kan ṣoṣo bá kọ̀, ara ọ̀kan yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò, bí gbogbo wọn bá kọ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé ni kí ẹ wò. Nígbà tí ínfátà bá rẹ̀, tí gbogbo nǹkan kú tí wọ́n tún tàn, router lè fún àpótí ìpamọ́ ní àdírẹ́sì mìíràn. Àwọn kọ̀ǹpútà á máa kan ilẹ̀kùn ilé àtijọ́. A ti wọ inú router, a fi àdírẹ́sì kan de àpótí náà, kò yí mọ́.

Ẹ̀kẹta ló fa ti bàbá. Láwọn ọjọ́ mìíràn, akọ̀wé owó ń lọ sílé láìti ètò ìṣirò owó. Fáìlì tí ètò bẹ́ẹ̀ bá dì mú, ẹ̀dà lè fò ó. Ìròyìn á kọ síwájú pé iṣẹ́ parí, àfi tí ènìyàn bá kà á dópin ni yóò rí i pé fáìlì owó kò sí níbẹ̀. Èmi kò kà á dópin. Ní báyìí, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ti láptọ́ọ̀pù owó, nígbà tí a ṣì wà níbẹ̀, tí a sì ti ti ètò náà.

Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò kì í ṣe ẹ̀dà. Torí náà, ní Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, a ó mú fáìlì kan láti inú ẹ̀dà, a ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, akápò á sì fọwọ́ sí i pé òun rí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní kí fáìlì wà ní ọ̀nà 3, lórí oríṣi nǹkan 2, kí 1 wà níta ọ́fíìsì. Tiwa tó wà níta wà lórí hard disk kan tí a kì í fi sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà. Bí olè, iná tàbí kòkòrò kọ̀ǹpútà bá wọ ọ́fíìsì, kò ní bá a níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé tàbí ilé oògùn, ọ̀rọ̀ yín náà ni mò ń sọ. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Ẹ lọ wo ẹ̀dà yín lónìí, kí ẹ ṣí i, kí ẹ kà á.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ẹ má sọ rìsíìtì yín nù. Bí kì í bá ṣe pé bàbá tọ́jú tiwọn ni, títí di òní là bá máa pè wọ́n ní ajẹgbèsè.

Ìlú wa kò ní bàjẹ́ o.