Owó Káńsù, Owó Yín Ni

Ní 2003, Èkó fi káńsù 37 kún 20 tó ní. Ní 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ bá dá owó káńsù Èkó dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Ààrẹ kò lágbára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó di 2007, ayé Yar'Adua, kí wọ́n tó san èyí tó kù. Ta ló jẹ ìyà? Abuja kọ́, Alausa kọ́. Ọlọ́jà ni, ọmọ iléèwé ni.

Ní oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà ní kí owó káńsù má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Adájọ́ ti ṣe tirẹ̀, ó ku ẹ̀yin. Ẹ bi alága yín: èló ló wọlé? Iṣẹ́ dà? Bí kò bá fèsì, ẹ fi ìbò dá a lóhùn.