Àyà Jíjá Tí Kì í Ṣe Ti Ẹ̀rù

Mo dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda àkókò díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìlera kí ẹ tó gbọ́ ìṣirò owó.

Ní èdè wa, bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, a ó ní àyà rẹ̀ já. Nítorí náà, bí àyà ẹlòmíràn bá ń já láìsí ohun tí ó dẹ́rù bà á, yóò máa wádìí ẹni tí ń lépa rẹ̀, tàbí kí ó máa retí ìròyìn búburú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé irú àyà jíjá bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àìsàn. Ó ní àyẹ̀wò, ó sì ní ìtọ́jú.

Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, lọ́gbọọgba. Nígbà mìíràn ìlù náà a dàrú. Yàrá òkè inú ọkàn a máa gbọ̀n, kò ní lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ a dúró níbẹ̀, a sì dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá gba inú iṣan lọ sí ọpọlọ, àrùn rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Ewu rẹ̀ fún ẹni tí ó ní àìsàn yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti ẹlòmíràn. Àwọn kan kò tilẹ̀ ní mọ nǹkan kan lára. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sábà ń fà á; ọtí àmujù náà ń fà á.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀? Ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í sábà léwu. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ìlànà rárá, tàbí tí ó ń sáré kọjá 100 nígbà tí ẹ ti sinmi, ẹ lọ rí dókítà. Bí òòyì, dídákú, àyà dídùn tàbí àìlèmí dáadáa bá bá a rìn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Dókítà yóò lo ẹ̀rọ tí ń kọ ìlù ọkàn sórí ìwé. Kì í dunni. Bí àyà náà bá ti rọlẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, ẹ̀rọ kékeré wà tí a ń gbé kọ́ra fún wákàtí 24.

Oògùn wà tí ń dẹ ìlù ọkàn, òmíràn wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Aspirin kò lè dípò rẹ̀. Ẹni tí ń lo warfarin gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé, kí ó má sì fi àgbo kún un láìsọ fún dókítà. Ẹni tí ìlù ọkàn tirẹ̀ falẹ̀ jù, a lè fi ẹ̀rọ sí i lábẹ́ awọ. Arne Larsson, ará Sweden, ni a kọ́kọ́ fi í sí lára ní 1958. Ó wà láàyè títí di 2001.

Ẹ̀yin ará, àìtètè mólè, olè ń mólóko. Rọpárọsẹ̀ lè jẹ gbogbo ohun tí ènìyàn fi ogún ọdún kó pamọ́ sínú ẹgbẹ́ tán, kí gbèsè tún já lé àwọn onídùúró rẹ̀ lórí. Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí owó yíyá fún ìtọ́jú má ṣe máa dúró de ìpàdé oṣù.

Ó yá, ẹ na ọwọ́ òsì yín síwájú. Akọ̀wé yóò wo aago fún wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà.