Ọ̀pá Gíà àti Bọ́tìnnì Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá fún yín, irú ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tí à ń pè ní ọtọmátíìkì.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ohun àná. Oldsmobile ti ọdún 1940 ti ń yan gíà fúnra rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, gíà ọlọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ fi kọ́ ọkọ̀ wíwà, ìbáà ṣe Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní 1975, ìbáà ṣe dánfó. Ẹni tí ó kọ́ ti dánfó ní Mushin, tí ó wá jókòó sínú Camry tòkunbọ̀ ní Surulere, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a máa wá kílọ́ọ̀ṣì kiri. Kí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà sinmi, torí bíréèkì ni yóò bá tẹ̀ lójijì.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá gíà. P ni ìdúró, R ni ẹ̀yìn, N ni ibi tí ẹ́ńjìnnì àti táyà kò ti mọ ara wọn, D ni iwájú. Kí wá ni bọ́tìnnì ara ọ̀pá náà wà fún? Aṣọ́nà ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a kò lè kúrò ní P, a kò sì lè bọ́ sí R tàbí P, láìtẹ bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n láti D sí N, ọ̀pá náà ń lọ láìtẹ̀ ẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kan ọ̀pá nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, N nìkan ni yóò bọ́ sí.

Awakọ̀ tí àtàǹpàkò rẹ̀ kì í kúrò lórí bọ́tìnnì ti lé aṣọ́nà lọ. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gba, ó fẹ́ bọ́ sí N, ó fò ó, ó dé R. Bí ó bá tẹ iná báyìí, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gbá.

P náà ní àṣírí tirẹ̀. Irin kékeré kan bí èékánná ló ń há sáàárín eyín irin roboto kan nínú gíà. Ibi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́, ẹ má fi gbogbo ẹrù ọkọ̀ lé èékánná yẹn lórí. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ bọ́ sí N, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ọkọ̀ jókòó sórí rẹ̀, ẹ tún tẹ bíréèkì padà, kí ẹ tó wọ P.

Bí ọ̀pá bá kọ̀ tí kò kúrò ní P ńkọ́? Ẹ má tíì sáré lọ ra gíà ní Ládípọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní í jẹ́ kí ẹ kúrò ní P àfi tí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì, iná bátìrì ló sì ń ṣiṣẹ́ yìí. Ẹ ní kí ẹnì kan wo ẹ̀yìn bí ẹ ti ń tẹ bíréèkì: bí iná pupa kò bá tàn, ó lè jẹ́ fíùsì ni, tàbí súìsì kékeré abẹ́ bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tún ní ihò kékeré kan lẹ́bàá ọ̀pá, tí a ń tẹ̀ láti tú u sílẹ̀ nígbà tí bátìrì bá kú. Kí bíréèkì ọwọ́ ti wà lókè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ọmọdé kankan má sì dúró níwájú ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.