Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Bí A Ṣe Lè Pa Ohùn Àwọn Àgbà Awo Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ sọ ní Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀

 

Ohùn àwọn àgbà awo tí a ti gbà sílẹ̀ ti pọ̀ nínú àpótí ìkópamọ́ tí ó wà ní ọ́fíìsì wa. A so àpótí náà mọ́ nẹ́tíwọọ̀kì, kí ẹni tí ó bá ní àṣẹ lè gbọ́ ẹsẹ Ifá láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ti papòdà. A kò lè bẹ̀ wọ́n mọ́ kí wọ́n tún un kì. Ìbéèrè mi ni pé: bí àpótí yẹn bá jóná lálẹ́ òní, kí ni yóò kù lọ́wọ́ wa?

Àwọn kan ti dá mi lóhùn pé díìsìkì méjì ni ó wà nínú rẹ̀, tí èkejì ń ṣe àwòkọ èkíní. Òótọ́ ni, ó sì wúlò: bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ kò ní dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ṣèèṣì pa fáìlì kan rẹ́, yóò pa rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná ọba bá dé pẹ̀lú agbára òjijì, bí olè bá gbé àpótí náà, bí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti fáìlì wa pa kí wọ́n lè gba owó, méjèèjì ni yóò kàn. Ẹ̀dà tòótọ́ ni èyí tí aburú tó bá èkíní kò lè bá.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2021, iná jó ilé ìkópamọ́ OVHcloud ní ìlú Strasbourg, ní ilẹ̀ Faransé. Oníbàárà kan wà tí ó ti sanwó kí wọ́n máa bá òun pa ẹ̀dà mọ́. Ilé kan náà ni ojúlówó àti ẹ̀dà wà. Àwọn méjèèjì sì jóná pọ̀.

Ǹjẹ́ kí a wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí òkè òkun? Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ ní agbègbè etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ báńkì pàápàá dí. Ẹni tí ohun ìní rẹ̀ wà lókè òkun nìkan kò ní í rí i lò nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọjà.

Àwọn baba wa ti mọ èyí tipẹ́. Odù 256 kò sí ní ikùn awo kan ṣoṣo. Bí awo kan bá papòdà ní Ifẹ̀, ẹlòmíràn ń kì í ní Ọ̀yọ́, ní Kétu àti ní Cuba. Bí awo bá sì fo ìlà kan láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tó kù yóò tún un ṣe. William Bascom wá ṣe ìwádìí Ifá ní Ifẹ̀ níhìn-ín ní 1937 sí 1938, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ ní 1969. Àwọn tí ó kì fún un ti lọ, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé púpọ̀ ni ìwé náà wà lónìí, nítorí náà iná ilé kan kò lè pa á run.

Àbá mi nìyí. Kí a ní ẹ̀dà mẹ́ta. Èkíní ni ti inú àpótí, kí ó sì máa fi ipò tí fáìlì wà ní alaalẹ́ pamọ́, kí a lè padà sí ti àná bí a bá ṣe àṣìṣe lónìí. Èkejì ni háàdì díìsìkì tí a ó máa kọ ọ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí a ó yọ kúrò lára ẹ̀rọ, tí a ó sì gbé lọ sí ilé àgbà kan ní àdúgbò mìíràn, bí i Mọ̀ọ̀rè. Ẹ̀kẹta ni ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tì í pa kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Ní ọdọọdún, bí ọdún Ifá Òkè Ìtasẹ̀ bá ti ń sún mọ́, kí a gbé díìsìkì náà wá, kí a kó ohun inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí àwọn awo jókòó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè sọ pé fáìlì pé. Etí awo ni yóò sọ pé ohùn náà já gaara.

Ó ku ọ̀rọ̀ awo. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà sọ ni ti ọ̀gbẹ̀rì. Èyí tí àgbà bá ní kò gbọdọ̀ jáde, kí ó dúró nínú ẹ̀dà méjì ti ilé nìkan. Kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, nítorí pé bí ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n bá lọ, a ti fọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa.

Owó díìsìkì kan kò tó owó àgbò. Mo bẹ̀ yín, kí a má tú ká lónìí láìdá owó náà jọ. Kí ohùn àwọn baba wa má parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.